Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta ni yóò kọ irinṣẹ́ ìdánwò, àwa ni àbí àwọn open-source?

Ọ̀rọ̀ ìdánwò sọ́fítíwíà ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà yín lóṣù yìí. Gbogbo yín lẹ gbà pé kọ̀ǹpútà ló yẹ kó máa tẹ bọ́tìnì kan náà nígbà ọgọ́rùn-ún, kí ènìyàn sì ráàyè ronú. Ibi tí àríyànjiyàn wà ni irinṣẹ́ tí yóò máa tẹ̀ ẹ́: ṣé kí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ni, àbí kí a mú open-source, èyí tó wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí gbogbo ènìyàn lè rí kóòdù rẹ̀? A mú lẹ́tà márùn-ún.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Áàpù àjọ àti owó yíyá ni ilé-iṣẹ́ wa ń ṣe. Ó ní ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù, ó sì ní ti Android. Ẹni mẹ́fà ló ń kọ kóòdù, àwa méjì là ń dán an wò. Ọ̀gá wa ní a ò gbọdọ̀ gbára lé irinṣẹ́ onírinṣẹ́, ká kọ tiwa láti ìpìlẹ̀. Èmi fẹ́ Playwright, ẹnìkejì mi fẹ́ Selenium, irinṣẹ́ open-source méjì tó ń darí browser. Ta ló jàre? (Tẹ́sítà kan, Yaba, Lagos)

Ìdáhùn: Ọ̀gá yín jàre níbì kan. Ìpele mẹ́rin ló wà nínú ohun tí à ń pè ní irinṣẹ́ ìdánwò. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń ṣí browser, tó ń wá bọ́tìnì rí, tó sì ń tẹ̀ ẹ́. Èkejì ń to àwọn ìdánwò tẹ̀ léra, ó ń ka iye tó yege àti iye tó kùnà. Ẹ̀kẹta ń kó ẹ̀rí jọ: àwòrán ojú-ewé, fídíò, àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ìmọ̀ iṣẹ́ yín gan-an: bí ẹ ṣe ń forúkọ oníbàárà sílẹ̀, bí èlé ṣe ń gun orí owó, ẹni tí àjọ kàn àti ọjọ́ tó kàn án. Ẹ gba mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ́wọ́ open-source, kí ẹ fúnra yín kọ ẹ̀kẹrin. Kò sẹ́ni tó máa bá yín kọ ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí ẹ ò fi gbọdọ̀ dáwọ́ lé ìpele àkọ́kọ́ ni pé browser kì í dúró sójú kan. Ní 2021, Chrome dín àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yà kan àti èyí tó tẹ̀ lé e kù láti ọ̀sẹ̀ 6 sí ọ̀sẹ̀ 4. Ẹni tó bá kọ ohun tó ń darí Chrome ti gba iṣẹ́ tí kò lópin. Selenium, tó ti wà láti 2004, pàápàá jìyà níbẹ̀: chromedriver, ohun tó fi ń darí Chrome, gbọ́dọ̀ bá ẹ̀yà Chrome mu, nítorí náà tí Chrome bá sọ ara rẹ̀ di tuntun lóru, gbogbo ìdánwò máa ń kùnà láàárọ̀ nígbà náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kóòdù. Ẹ̀yà 4.6 ni Selenium Manager dé, òun ló ń wá driver tó yẹ fúnra rẹ̀ báyìí.

Ọ̀ràn ìdúró tún wà níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni irinṣẹ́ abẹ́lé, èyí tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kọ, ti máa ń ṣubú. Ẹni tó ń kánjú á kọ `sleep(5)`, ìyẹn ni pé kó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, kí ojú-ewé lè ráàyè ṣí. Ká ní ìdánwò 200 lẹ ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní irú ìdúró bẹ́ẹ̀ mẹ́rin: ìṣẹ́jú-àáyá 4,000 nìyẹn, ó ju wákàtí kan lọ, tí kọ̀ǹpútà kàn fi ń wòran. Lọ́jọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì wọ́ ẹsẹ̀, márùn-ún ò ní tó, ìdánwò á kùnà, wọ́n á sọ ọ́ di mẹ́wàá. Kí Playwright tó tẹ bọ́tìnì, á kọ́kọ́ wò ó bóyá bọ́tìnì náà ti hàn, bóyá ó ti dúró sójú kan fún ó kéré tán férémù méjì tó tẹ̀ léra, bóyá nǹkan mìíràn ò bò ó, bóyá wọn ò sì tì í pa. Tó bá ti pé, á tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bó ṣe wá láti ilé, ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni ìdánwò kan ní, ìṣẹ́jú-àáyá 5 sì ni `expect`, àṣẹ tó ń yẹ àbájáde wò, fi ń dúró de ohun tó ń retí. Tí sáfà ìdánwò yín, kọ̀ǹpútà tí áàpù ń bá sọ̀rọ̀, bá lọ́ra, ẹ sún ti `expect` sí 10 nínú fáìlì ètò. Ẹ má fi sleep há a.

Ní ti ìjà ẹ̀yin méjèèjì: fún iṣẹ́ tuntun, àwọn tó kéré níye, ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù, Playwright la máa mú. A ó mú Selenium tí kóòdù ilé-iṣẹ́ bá jẹ́ Ruby, èdè kóòdù tí Playwright fúnra rẹ̀ kò ṣètìlẹ́yìn fún, tàbí tó bá ṣe dandan kí ẹ dán Safari gidi wò, torí WebKit, ẹ̀rọ inú Safari, tí Playwright tún ṣe fúnra rẹ̀ ló ń lò, kì í ṣe Safari tó wà lórí Mac oníbàárà. Ti áàpù Android, kò sí èyí tó bá a mu nínú méjèèjì. Irinṣẹ́ áàpù fóònù lẹ nílò: Appium pẹ̀lú UiAutomator2, apá rẹ̀ tó ń darí Android, tàbí Maestro tí à ń fi YAML, ọ̀rọ̀ lásán tí a tò sí ìlà-ìlà, kọ. Maestro yá kọ́ ju Appium lọ. Appium ló sì ń dé kọ̀rọ̀ tí Maestro ò dé.

Ẹ má fẹnu yàn án. Ẹ mú ọ̀nà márùn-ún nínú áàpù yín, èyí tó le ni kí ẹ mú: wíwọlé pẹ̀lú OTP, ìforúkọsílẹ̀, fífi owó ránṣẹ́, gbígbé àwòrán káàdì ìdánimọ̀ sókè, àti ojú-ewé ìsanwó tó wà nínú iframe (ojú-ewé tí a fi sínú ojú-ewé mìíràn) ti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Kí ẹ̀yin méjèèjì kọ márààrún, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irinṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tó. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà 20 láìyí kóòdù padà; lórí Playwright, `--repeat-each=20` ló ń ṣe é. Ìdánwò 100 nìyẹn. Èyí tó bá kùnà nígbà mìíràn, tó yege nígbà mìíràn, ségesège ni, ẹ gbọ́dọ̀ rí ìdí rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Níkẹyìn, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan kan jẹ́ nínú áàpù, kí ẹ gbé àbájáde fún ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ kóòdù, kí ẹ wo iye ìṣẹ́jú tó máa gbà á kó tó rí ohun tó bàjẹ́. Irinṣẹ́ tó bá jẹ́ kó tètè rí i ni kí ẹ mú, bí òmíràn tilẹ̀ dùn-ún kọ jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ OTP: ẹ má jẹ́ kí ìdánwò máa ka SMS. Kí sáfà ìdánwò gba OTP kan tí kì í yí padà, kí ẹ sì kọ ìdánwò mìíràn tó ń rí i dájú pé sáfà gidi kò gba OTP náà wọlé. Ẹni tó bá gbàgbé apá kejì yìí ti ṣí ilẹ̀kùn fún olè.

Nítorí owó dátà: `npx playwright install` máa ń gba browser mẹ́tẹ̀ẹ̀ta (Chromium, Firefox àti WebKit) wọlé, wọ́n sì tóbi. Ẹ kọ `npx playwright install chromium` lórí kọ̀ǹpútà tiyín, kí sáfà máa ṣe méjì tó kù.

Ìbéèrè: Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ni mo ń bá ṣiṣẹ́ níbí. Irinṣẹ́ abẹ́lé tí wọ́n kọ ní 2012 ló ń dán sọ́fítíwíà wa wò, ìdánwò 3,000 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ti kúrò. Wọ́n ní kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí open-source láàárín oṣù mẹ́ta. (Òṣìṣẹ́ kan, London)

Ìdáhùn: Ẹ bá wọn ṣírò rẹ̀. Bí ìdánwò kan bá gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré, wákàtí 1,500 ni 3,000 máa gbà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀ á lo ọ̀sẹ̀ 37 àti ààbọ̀, láìṣe iṣẹ́ mìíràn. Oṣù mẹ́ta ò ṣeé ṣe, kò sì yẹ kó ṣeé ṣe, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò yẹ ní ohun tí à ń kó lọ.

Ẹ wá àkọsílẹ̀ oṣù 12 tó kọjá, kí ẹ pín wọn sí mẹ́ta. Èyí tó kùnà nítorí pé àṣìṣe gidi wà nínú sọ́fítíwíà: ẹ kó ìyẹn lọ ná. Èyí tó ń ṣe ségesège: ẹ má kó o, ẹ bi ara yín léèrè ohun tó fẹ́ dáàbò bò, kí ẹ tún un kọ, bóyá ní ìpele API, ibi tí sọ́fítíwíà ti ń bá sọ́fítíwíà sọ̀rọ̀, níbi tí kò ti sí bọ́tìnì rárá. Èyí tí kò kùnà rí: ibí yìí ni kí ẹ ti fura. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ba ìṣirò owó adójútòfò jẹ́ lórí sáfà ìdánwò, kí ẹ wo iye tó máa figbe ta nínú wọn. Ìdánwò tó ń ṣí ojú-ewé, tó ń tẹ bọ́tìnì, tí kò sì yẹ nǹkan kan wò kẹ́yìn, ó máa ń yege títí ayé ni.

Láti òní lọ, kí ìdánwò tuntun kankan má wọ inú èyí àtijọ́ mọ́. Kí méjèèjì jọ máa ṣiṣẹ́. Ẹ má sì pa ti àtijọ́ fún apá kan títí tí tuntun yóò fi mú àṣìṣe tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ gbìn síbẹ̀.

Àdánwò kan á wá: ẹnìkan á ní kí ẹ fi Playwright tàbí Selenium ṣe ìsàlẹ̀, kí ẹ fi orúkọ àṣẹ irinṣẹ́ àtijọ́ bò ó lókè, kí ìdánwò 3,000 lè máa ṣiṣẹ́ láìyí padà. Ó wuni létí. Gbogbo sleep àtijọ́ ló máa bá a wọlé, ẹni tuntun tó bá sì dé kò ní rí ìrànwọ́ kankan nínú ìwé àlàyé tí gbogbo ayé ń kà, torí àṣẹ bíi `TeBotini2()` tiyín kò sí níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀ka USSD ni èmi wà. Mo ti wá irinṣẹ́ open-source tó lè dán menu wa wò, mi ò rí èyí tó bá a mu. Ṣé kí n kọ ọ́? Ibo ni n ó sì ti rí nọ́ńbà àkáǹtì tí n ó fi dán an wò? (Olùkàwé láti Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kọ ọ́. Irinṣẹ́ abẹ́lé ní láárí níbí, kò sì pọ̀: nǹkan bí ìlà 150 ní Python, lórí pytest, irinṣẹ́ tó ń to ìdánwò Python, parí rẹ̀. USSD yín kò mọ bọ́tìnì fóònù rárá. Gateway, alágbàtà tó wà láàárín nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ẹ̀yin, ló ń fi ìbéèrè HTTP, irú èyí tí browser ń lò, ránṣẹ́ sí sáfà yín. Lọ́dọ̀ Africa's Talking, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe gateway, fún àpẹẹrẹ, ohun tó ń wá ni `sessionId`, `serviceCode`, `phoneNumber` àti `text`. Ìdáhùn yín á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `CON` tí ọ̀rọ̀ bá ṣì ń lọ, `END` tó bá parí. `text` máa ń gùn sí i bí oníbàárà ṣe ń tẹ̀: `1`, lẹ́yìn náà `1*2`, lẹ́yìn náà `1*2*5000`. Irinṣẹ́ yín á kàn máa díbọ́n bíi gateway.

Èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ ni àtúnránṣẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já lẹ́yìn tí oníbàárà tẹ PIN, gateway tún ìbéèrè ìkẹyìn rán pẹ̀lú `sessionId` kan náà. Ṣé owó lọ lẹ́ẹ̀kan ni àbí lẹ́ẹ̀mejì? Ẹ rán an lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ yẹ báláǹsì wò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó jáde lójú fóònù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ wá dán iye owó tí kò bójú mu wò: `05000`, `5,000`, `-5000`, àyè òfìfo.

Gígùn ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì. USSD gba àmì 182 bí gbogbo lẹ́tà bá wà nínú GSM 7-bit, àkójọ lẹ́tà díẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ń lò. Lẹ́tà kékeré à, è, é, ì, ò, ù wà níbẹ̀. Á, í, ó, ú kò sí, ẹ, ọ, ṣ náà kò sí. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ ti tó láti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà di UCS-2, ọ̀nà ìkọsílẹ̀ tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń gba àyè púpọ̀, àmì 80 péré ló sì kù fún yín. Menu tó bá wọlé dáadáa lédè Gẹ̀ẹ́sì lè gé láàárín lédè Yorùbá, àìṣedéédéé yìí kò sì ní hàn lórí kọ̀ǹpútà. Kí irinṣẹ́ yín máa ka lẹ́tà fún gbogbo ìdáhùn, kó sì kùnà tó bá ju ààlà lọ.

Nọ́ńbà àkáǹtì: ẹ má mú ti oníbàárà gidi, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 wà ní Nàìjíríà, ẹ ò sì nílò ìdí mìíràn. Ẹ ṣẹ̀dá NUBAN, nọ́ńbà àkáǹtì oní-dígíìtì mẹ́wàá ti báǹkì Nàìjíríà, fúnra yín. Ẹ kọ kóòdù báǹkì oní-dígíìtì mẹ́ta, kí ẹ kọ nọ́ńbà oní-dígíìtì mẹ́sàn-án tẹ̀ lé e, kí ẹ fi 3, 7, 3, 3, 7, 3, 3, 7, 3, 3, 7, 3 sọ wọn di púpọ̀ níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́wàá. Ohun tó ṣẹ́ kù ni kí ẹ yọ kúrò nínú 10. Tó bá jẹ́ 10 ló jáde, ẹ kọ 0. Òun ni dígíìtì ìkẹwàá, ẹ kọ ọ́ tẹ̀ lé mẹ́sàn-án náà. Ká fi 999 ṣe kóòdù, ká fi 000000021 ṣe nọ́ńbà: 27 + 63 + 27 + 14 + 3 jẹ́ 134; 4 ló ṣẹ́ kù; 10 yọ 4 jẹ́ 6. Àkáǹtì náà ni 0000000216. Ẹ tún ṣe 0000000217 mọ́ ọn, kí ẹ wo bóyá menu yín á kọ̀ ọ́.

Kí ẹ tó gbé ẹ̀yà tuntun jáde, ẹ ṣì fi SIM gidi àti ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan. Irinṣẹ́ yín kò mọ ìwà nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ìbéèrè: Áàpù wa ń sọ Yorùbá. Ìdánwò ní ọ̀rọ̀ tó wà lójú ewé yàtọ̀ sí èyí tí a ń retí, mo fi wọ́n wéra, kò síyàtọ̀ kankan. Ṣé Playwright ni kò mọ Yorùbá? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Ojú yín ló rí ohun kan náà, ohun tó wà ní ìpamọ́ yàtọ̀. Unicode ni àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, kò sì sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ nínú rẹ̀. Kíbọọ̀dù kan lè kọ ọ́ bíi U+1EB9 pẹ̀lú U+0301, òmíràn bíi U+0065, U+0323, U+0301, òmíràn bíi U+00E9 pẹ̀lú U+0323. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ fi NFC, ìlànà Unicode tó ń kọ lẹ́tà kan náà lọ́nà kan ṣoṣo, tún méjèèjì ṣe kí ẹ tó fi wọ́n wéra: `unicodedata.normalize("NFC", oro)` ní Python, `oro.normalize("NFC")` ní JavaScript. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di ọ̀kan.

NFC kò ní wo àìsàn kan sàn o. Àwọn kan máa ń fi ìlà kékeré, U+0329, sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì kíkán, U+0323. Unicode kà wọ́n sí àmì méjì tí kò tan mọ́ra. Ẹ fúnra yín gbọ́dọ̀ pààrọ̀ U+0329 sí U+0323 kí ẹ tó pe NFC. Ìlà mẹ́ta ni. Ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì kan tí gbogbo ìdánwò ń pè, kí áàpù fúnra rẹ̀ sì máa lò ó nígbà tó bá ń gba orúkọ oníbàárà sílé, torí ohun tó ń da ìdánwò yín láàmú ni yóò da ìwákiri orúkọ láàmú lọ́la.

Ẹ yẹ ààlà gígùn orúkọ wò pẹ̀lú. Adébọ́lá, lẹ́tà méje lójú wa, 8 ni kọ̀ǹpútà kà lẹ́yìn NFC. Bí gbogbo àmì bá tú kúrò lára lẹ́tà rẹ̀, ó di 11.

Ìbéèrè: Agbẹjọ́rò wa ń bẹ̀rù láísẹ́ǹsì open-source. Ọ̀gá àgbà ń bẹ̀rù pé irinṣẹ́ lè kú mọ́ wa lọ́wọ́. (Olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Selenium, Playwright àti Appium wà lábẹ́ Apache 2.0, áàpù Cypress wà lábẹ́ MIT, ṣùgbọ́n Cypress Cloud tó ń tọ́jú àbájáde jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń tà. Kò sí ìjà níbẹ̀. AGPL, láísẹ́ǹsì tó lè mú kí ẹni tó lo kóòdù náà nínú iṣẹ́ rẹ̀ fi kóòdù tirẹ̀ hàn, ló ń kó àyà àwọn agbẹjọ́rò sókè, òun ni k6 tó ń dán agbára sáfà wò ń lò. Bí ẹ bá kàn fi k6 dán áàpù yín wò láìyí k6 padà, áàpù yín kò di ti gbogbo ayé nítorí ìyẹn. Ẹ pe agbẹjọ́rò tí ẹ bá fẹ́ kó kóòdù AGPL sínú ohun tí ẹ ń tà, bíi jPOS fún iṣẹ́ POS. Ẹni tó ni ín ń ta láísẹ́ǹsì ọ̀tọ̀.

Ní ti ikú, wọ́n máa ń kú lóòótọ́. Iṣẹ́ dúró lórí PhantomJS, browser tí wọ́n ń fi ṣe ìdánwò, ní 2018. Protractor, irinṣẹ́ ìdánwò mìíràn, parí ní 2023. Àmọ́ àwọn tó ń lo Protractor gbọ́ ìkìlọ̀ rẹ̀ láti 2021. Irinṣẹ́ abẹ́lé kì í kìlọ̀: lọ́jọ́ tí ẹni tó kọ ọ́ bá já pa sí Kánádà, ó parí. Kí ẹ tó mú ọ̀kan, ẹ wo ọjọ́ tí ẹ̀yà ìkẹyìn jáde, ẹ wo bóyá ju ẹnì kan lọ ló ń fọwọ́ sí àtúnṣe, ẹ ka ìbéèrè mẹ́wàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé síbi iṣẹ́ náà, kí ẹ wo iye tí wọ́n dáhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ de ẹ̀yà tí ẹ ń lò mọ́lẹ̀ nínú `package-lock.json`, fáìlì tó ń pa ẹ̀yà irinṣẹ́ mọ́, kí sáfà máa lo `npm ci`, tó ń gba ẹ̀yà yẹn gan-an, dípò `npm install`, kí ẹ sì máa gbé e sókè fúnra yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ tí kò sí ìgbéjáde.